Ẹ Jẹ́ Ká Máa Ka Ìlù Ọkàn Wa
Ọ̀rọ̀ tí ìgbìmọ̀ ìlera sọ níbi ayẹyẹ ọdún kẹwàá ẹgbẹ́ wa

  

Nígbà tí ìgbìmọ̀ ayẹyẹ ní kí àwa ìgbìmọ̀ ìlera wá sọ̀rọ̀ díẹ̀ kí àwọn onílù tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n bẹ̀ wá pé kí a má ba fàájì jẹ́. A kò ní bà á jẹ́. Ọ̀rọ̀ ìlù náà ni a mú wá, àmọ́ kì í ṣe ìlù tí wọn yóò lù fún wa lálẹ́ yìí. Ìlù tí a gbé wá sáyé nínú àyà wa ni, èyí tí kò tíì sinmi láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí wa. Ojúgbà ni gbogbo wa. Ó ti ń dún nínú wa fún iye ọdún kan náà. Ohun tí a fẹ́ sọ kò ju ẹyọ kan lọ: bí ọkàn ènìyàn bá ti ń rẹ̀, iye ìgbà tó ń lù nígbà tí onítọ̀hún jókòó jẹ́ẹ́ máa ń sọ òtítọ́ tí ẹnu onítọ̀hún lè má sọ. Kíkà á kò sì ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀.

Ẹ ṣí ìwé yìí sí ojú ewé ìrántí, ẹ ó rí àwòrán àwọn ojúgbà wa tí wọ́n ti sùn. Ọ̀kan nínú wọn ni a fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀. A kò ní dárúkọ rẹ̀, àmọ́ aya rẹ̀ wà níbí, ó sì ti yọ̀ǹda kí a sọ ọ́. Agbaṣẹ́ṣe ni ọ̀rẹ́ wa yìí. Ilé tó kọ́ fún àwọn ènìyàn láti Badore dé Sangotedo kò kéré. Ní ọdún tó lò kẹ́yìn láyé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í dúró mí ní àárín àtẹ̀gùn kí ó tó dé yàrá ìpàdé wa lókè. Ó ní ọjọ́ orí ni. Bàtà rẹ̀ kò gba ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wọ sálúbàtà wá sí ìpàdé, àwa sì ń fi í ṣe ẹ̀fẹ̀ pé Alhaji ti dé láti Mẹ́kà. Àwọn ẹbí kan ní ó ti fi ẹsẹ̀ tẹ nǹkan níbi iṣẹ́. Ikọ́ òru dé, ó ní ẹ̀rọ amúlétutù ló fà á. Ó ti lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru nígbà kan rí, àmọ́ ó jáwọ́ nígbà tí ara rẹ̀ yá.

Dókítà wà nínú ẹgbẹ́ yìí, nọ́ọ̀sì wà, apòògùn wà. Nínú gbogbo wa, kò sí ẹni tó di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú kí ó ka ìlù ọkàn rẹ̀. Nígbà tí ó kú, a dáwó, a dáṣọ, a gba onílù. Owó tí a ná láàárín ọjọ́ méjì náà ì bá ra oògùn rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Àwọn àgbà ní àìsàn là á wò, a kì í wo ikú. Àwa kò wo àìsàn. Òkú la náwó fún. Ohun tó ń dùn wá nìyẹn, òun ló sì mú kí a gba ogún ìṣẹ́jú tí wọ́n fún wa lónìí.

Kí ni àárẹ̀ ọkàn?

Ohun tí àwọn dókítà ń pè ní heart failure ni a ń pè ní àárẹ̀ ọkàn nínú ọ̀rọ̀ yìí. Kò túmọ̀ sí pé ọkàn ti dá iṣẹ́ dúró. Ó túmọ̀ sí pé agbára tí ọkàn fi ń ti ẹ̀jẹ̀ káàkiri ara ti dínkù, tàbí pé ògiri ọkàn ti le débi pé kò lè gba ẹ̀jẹ̀ sínú bó ti yẹ. Ẹ̀jẹ̀ a wá máa ṣe súnkẹrẹ-fàkẹrẹ lẹ́yìn, bí ọkọ̀ tó ń dúró ní Ajah nígbà tí ọ̀nà bá dí. Omi a máa jò sínú ẹ̀dọ̀fóró, èémí a máa há. Omi a tún máa sọ̀ sí ẹsẹ̀ àti ikùn, wọn a wú. Ẹni tó ń sùn lórí ìrọ̀rí kan a di ẹni tó ń sùn lórí mẹ́ta, nítorí bó bá dùbúlẹ̀ gbalaja, bí ẹni pé ó fẹ́ rì sínú omi ló ń rí lára rẹ̀. Àwọn ará ilé a ní ogun òru ni. Àìsàn yìí kì í lọ lọ́jọ́ kan; ohun tí a ń bá gbé ni, tí a ń tọ́jú lójoojúmọ́.

Ní ilẹ̀ wa, ohun tó ń fà á jù lọ ni ẹ̀jẹ̀ ríru. Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọládípọ̀ Akínkúgbé, ọmọ Oǹdó, lo ọ̀pọ̀ ọdún nínú ayé rẹ̀ ní UCH, Ìbàdàn, lórí ẹ̀jẹ̀ ríru yìí, ó sì ń kìlọ̀ fún orílẹ̀-èdè yìí títí di ọjọ́ ogbó rẹ̀. Ní Federal Medical Centre, Abẹ́òkúta, Dókítà Okechukwu Ogah àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe àkọsílẹ̀ àwọn tí wọ́n gbà sílé ìwòsàn nítorí àárẹ̀ ọkàn ní ọdún 2009 àti 2010. Àwọn aláìsàn náà jẹ́ 452. Nígbà tí wọ́n ṣírò ọjọ́ orí wọn, ó jẹ́ nǹkan bí ọdún 57 ní ìpíndọ́gba. Ẹ̀jẹ̀ ríru ló fa àárẹ̀ náà fún nǹkan bí 78 nínú ọgọ́rùn-ún wọn. Ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà, ẹni tó bá ní irú àìsàn yìí sábà máa ń ti lé ní àádọ́rin ọdún. Ní tiwa, àwọn tó ṣì ń ṣiṣẹ́, tí ọmọ wọn ṣì wà ní yunifásítì, ló ń mú. Ẹ jẹ́ kí kálukú rántí ọdún tí wọ́n bí òun.

Ìwádìí mìíràn tí wọ́n ń pè ní THESUS-HF kó aláìsàn 1,006 jọ ní ilé ìwòsàn 12 ní orílẹ̀-èdè 9 ní Áfíríkà, Nàìjíríà sì wà nínú wọn. Wọ́n gbé èsì rẹ̀ jáde ní ọdún 2012. Ọjọ́ orí àwọn yẹn jẹ́ 52 ní ìpíndọ́gba. Kí oṣù mẹ́fà tó pé, nǹkan bí 18 nínú ọgọ́rùn-ún ti kú. Àwọn olùwádìí wá wo ohun tó ya àwọn tó kú sọ́tọ̀ sí àwọn tó yè. Ìlù ọkàn tó yára nígbà tí wọ́n dé ilé ìwòsàn wà lára àmì tí wọ́n rí, pẹ̀lú àìtó ẹ̀jẹ̀, kíndìnrín tí kò ṣiṣẹ́ dáadáa, àti omi tó dá sí ẹsẹ̀ àti ẹ̀dọ̀fóró.

Korobá kékeré

Kí ló dé tí ọkàn tó ti rẹ̀ fi ń lù kíákíá? Ẹni tó bá dàgbà ní agbègbè wa yìí nígbà tí kànga ni gbogbo ilé ń lò mọ ìtàn korobá. Bí ìwọ̀n omi tí ilé ń lò bá jẹ́ ọ̀kan náà lójoojúmọ́, ẹni tí korobá rẹ̀ tóbi lè lọ sí kànga ní ìgbà mẹ́wàá. Bí korobá bá kéré, tàbí tó ń jò, ó di ogún ìgbà. Ilé á rí omi lò, àmọ́ ẹni tó ń pọn ọ́n kò ní sinmi. Bẹ́ẹ̀ ni ọkàn. Nígbà tí a bá jókòó jẹ́ẹ́, ọkàn àgbàlagbà ń ti nǹkan bí lítà márùn-ún ẹ̀jẹ̀ jáde ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan. Bí agbára rẹ̀ bá dínkù, ìwọ̀n tó ń tì lẹ́ẹ̀kan á kéré. Kí ẹ̀jẹ̀ lè tó ara, á bẹ̀rẹ̀ sí í lù lemọ́lemọ́.

Ẹ bá wa ṣírò rẹ̀. Ọkàn tó ń lù ní ìgbà 70 ní ìṣẹ́jú kan yóò lù ní ìgbà 100,800 láàárín ọ̀sán kan àti òru kan. Èyí tó ń lù ní ìgbà 90 yóò lù ní ìgbà 129,600. Ìyàtọ̀ rẹ̀ jẹ́ 28,800 lójoojúmọ́, lára ọkàn tó ti rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Bẹ́ẹ̀ sì ni àárín ìlù kan sí èkejì ni ọkàn ti ń sinmi, àkókò ìsinmi yẹn ni ọ̀pọ̀ ẹ̀jẹ̀ tó ń bọ́ ọkàn fúnra rẹ̀ ti ń wọlé. Bí ìlù bá yára, ìsinmi ló ń kúrú jù. Iṣẹ́ pọ̀ sí i, oúnjẹ dínkù.

Ara gan-an ló ń lé ọkàn sáré. Nígbà tí ara bá rí i pé ẹ̀jẹ̀ kò dé tó, ó ń tú adrenaline àti àwọn èròjà bíi tirẹ̀ sílẹ̀, bí ẹni tó ń fi pàṣán na ẹṣin. Bí ajá bá lé wa, pàṣán yìí ló ń gbà wá. Àmọ́ bí wọ́n bá ń na ẹṣin tó ti rẹ̀ láti àárọ̀ dalẹ́, ọdún dé ọdún, ẹṣin náà yóò ṣubú. Nítorí náà, ìlù tó yára ń fi hàn pé àìsàn ń jà nínú, òun fúnra rẹ̀ sì tún jẹ́ ẹrù mìíràn lórí ọkàn.

Ohun tí ayé ti kọ́ nípa rẹ̀

Nígbà kan, bí dókítà bá fún aláàárẹ̀ ọkàn ní oògùn tí ń dín ìlù ọkàn kù, irú èyí tí wọ́n ń pè ní beta-blocker, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yóò ní ó fẹ́ pa aláìsàn. Wọ́n rò pé ọkàn tí kò lágbára nílò eré tó ń sá. Ní ọdún 1975, Finn Waagstein àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ìlú Gothenburg ní Swídìn kọ ọ́ pé àwọn fún aláìsàn díẹ̀ ní irú oògùn yìí, ara wọn sì yá sí i. Ọ̀pọ̀ kò gbà wọ́n gbọ́. Ó gba ohun tó lé ní ogún ọdún. Ní ọdún 1999, ìwádìí ńlá kan tí wọ́n ń pè ní CIBIS-II gbé èsì jáde lórí aláìsàn 2,647. Láàárín àwọn tí kò gba oògùn bisoprolol, bí 17 nínú ọgọ́rùn-ún kú. Láàárín àwọn tó gbà á, ó jẹ́ bí 12. Wọ́n dá ìwádìí náà dúró kí àkókò rẹ̀ tó pé, nítorí àǹfààní rẹ̀ ti hàn kedere. Oògùn tí wọ́n ti ń sá fún di ọ̀kan lára òpó ìtọ́jú.

Ní ọdún 2010, ìwádìí mìíràn tó ń jẹ́ SHIFT wo àwọn aláàárẹ̀ ọkàn tó lé ní 6,500, tí ìlù ọkàn wọn tó 70 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nígbà tí wọ́n sinmi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pọ̀ nínú wọn ń lo oògùn. Láàárín àwọn tí kò gba oògùn tuntun tí wọ́n ń dán wò, àwọn tí ìlù wọn tó 87 tàbí jù bẹ́ẹ̀ wà nínú ewu ikú tàbí ìpadà sí ilé ìwòsàn ní ìlọ́po tó lé ní méjì ju àwọn tó wà ní 70 sí 72 lọ. Ìlù kọ̀ọ̀kan tó lé sí i ń fi bí ìdá mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún kún ewu náà. Àwọn tó gba oògùn ivabradine, tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kí ó dín ìlù kù lọ, kò padà sí ilé ìwòsàn tó àwọn yòókù. Ibẹ̀ ni àwọn dókítà ti ń sọ pé 70 jẹ́ ààlà tó yẹ kí a máa wò.

Ẹni tí ara rẹ̀ yá

Ojúgbà wa kejì tí a fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ ń bẹ láàyè. Ó wà nínú gbọ̀ngàn yìí, ó ní kí a sọ ọ́, àmọ́ kí a má tọ́ka sí òun. Lẹ́yìn ìsìnkú ọ̀rẹ́ wa ni àwa ìgbìmọ̀ ìlera bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìlù ọkàn àwọn tó bá gbà fún wa kí ìpàdé tó bẹ̀rẹ̀. Arákùnrin yìí ti ní àárẹ̀ ọkàn tẹ́lẹ̀, ó ti gba ìtọ́jú, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti fọ̀n, ó sì ti padà sí agbo ijó. Bí a bá bi í, á ní, "Ara mi le kokoko." Nọ́ọ̀sì wa ní kí ó jókòó fún ìṣẹ́jú márùn-ún, ó kà á: 96. Ó ní kí ó máa kà á fúnra rẹ̀ nílé láràárọ̀. Ọjọ́ mẹ́ta tẹ̀ léra: 94, 97, 95.

Nígbà tí a fà á sí ẹ̀gbẹ́ kan tí a sì bi í léèrè jẹ́jẹ́, òtítọ́ jáde. Owó oògùn ti wọ́n. Ó ti ń gé wóró oògùn kan sí méjì kí ó lè pẹ́, ìtìjú kò sì jẹ́ kí ó sọ fún dókítà rẹ̀. Ẹnu rẹ̀ ní ara le. Ìwé ìtajà òun fúnra rẹ̀ kò sọ nǹkan. Ọrùn ọwọ́ rẹ̀ nìkan ló tú àṣírí. Wọ́n ṣe àyẹ̀wò fún un, wọ́n bá a pé omi ti ń dá sí ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Dókítà rẹ̀ pààrọ̀ oògùn tó wọ́n sí èyí tí apá rẹ̀ ká, ó sì mú ìwọ̀n rẹ̀ gòkè ní ìpele ìpele. Ní oṣù tó kọjá, 66 ni a kà. Ẹ ó rí i lójú agbo lálẹ́ yìí, àmọ́ ẹ ò ní mọ̀ pé òun ni.

Ìyàtọ̀ ojúgbà wa méjèèjì kò ju pé ẹnì kan ka ti èkejì.

Ẹlẹ́rìí kan kò tó

Síbẹ̀, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi nọ́ńbà kan ṣoṣo dájọ́. Ìlù ọkàn ní àwọn ẹlẹ́rìí mìíràn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ẹlẹ́rìí kejì ni ìwọ̀n ara. Ẹni tó ní àárẹ̀ ọkàn yẹ kó gun òṣùwọ̀n láràárọ̀, lẹ́yìn tó bá ti tọ̀, kí ó tó jẹun. Bó bá fi ohun tó lé ní kílò méjì sanra sí i láàárín ọjọ́ mẹ́ta, omi ni, kì í ṣe ẹran ara. Kí ó kàn sí dókítà rẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Ẹlẹ́rìí kẹta wà nínú ẹ̀jẹ̀. Ní ọdún 1988, àwọn onímọ̀ ní Jàpáàn rí èròjà kan nínú ọpọlọ ẹlẹ́dẹ̀, wọ́n sì fi orúkọ ọpọlọ pè é. Òun ni wọ́n ń pè ní BNP. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá mọ̀ pé ọkàn gan-an ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Nígbà tí ògiri ọkàn bá ń fẹ̀ ju bó ti yẹ, ó ń tú u sínú ẹ̀jẹ̀, bí ẹni tó ń ké gbàjarè. Ìbejì rẹ̀ tí ilé àyẹ̀wò sábà máa ń wọ̀n ni NT-proBNP. Bí èyí bá wà lábẹ́ 125 lára ẹni tí àìsàn rẹ̀ kò dé lójijì, ó ṣòro kó jẹ́ àárẹ̀ ọkàn. Àmọ́ ọjọ́ orí àti àìsàn kíndìnrín máa ń gbé e sókè, ìsanrajù sì máa ń fà á wálẹ̀. Dókítà ló mọ bí a ṣe ń túmọ̀ rẹ̀.

Ẹlẹ́rìí kẹrin ni kíndìnrín, iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀, àti bí ẹ̀jẹ̀ ṣe pọ̀ tó lára. Ọkàn àti kíndìnrín dà bí ọkọ àti aya: bí ọ̀kan bá wó, èkejì kì í pẹ́ wó.

Ẹlẹ́rìí karùn-ún ni àwòrán ọkàn tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ yà, tí wọ́n ń pè ní echo. Ó ń fi hàn pé, nínú ọgọ́rùn-ún ẹ̀jẹ̀ tó wọ ìyẹ̀wù ọkàn, mélòó ni ọkàn tì jáde. Ọkàn tó dá ṣáṣá ń ti 55 tàbí jù bẹ́ẹ̀. Bó bá jẹ́ 40 tàbí kó kéré sí i, agbára ti lọ sílẹ̀. Àmọ́ àwọn kan wà tí nọ́ńbà wọn dára, tó jẹ́ pé ògiri ọkàn ló ti le. Aláìsàn ni àwọn náà.

Nínú gbogbo ẹlẹ́rìí yìí, ìlù ọkàn àti ìwọ̀n ara nìkan ni a lè gbọ́ ẹ̀rí wọn nílé, láràárọ̀, láìgba ìwé lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Bí a ṣe ń kà á

Ibi pẹlẹbẹ la ti ń mú ọ̀ọ̀lẹ̀ jẹ. Jí, má tíì mu kọfí, má tíì gbé fóònù, má tíì rántí ọ̀nà Lekki. Jókòó jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Fi ìka méjì tó tẹ̀ lé àtàǹpàkò lé ọrùn ọwọ́ kejì, lápá ìsàlẹ̀ àtàǹpàkò. Má lo àtàǹpàkò, nítorí òun náà ní ìlù tirẹ̀, ó lè dà ọ́ rú. Wo aago, kà á fún ìṣẹ́jú kan gbáko. Kọ ọ́ sínú ìwé pẹ̀lú ọjọ́. Ẹ̀rọ tí a fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru náà máa ń kọ ọ́ sísàlẹ̀. Ọ̀pọ̀ wa máa ń wo nọ́ńbà méjì tòkè, a kì í wo ẹ̀kẹta.

Àgbàlagbà tí ara rẹ̀ dá lè wà láàárín 60 sí 100. Ẹni tó ń ṣe eré ìdárayá gidigidi lè wà lábẹ́ 60, kò burú. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n ti sọ fún pé ó ní àárẹ̀ ọkàn, tí ìlù rẹ̀ ń lọ ní ìdọ́gba, tó sì ń lé ní 70 ní gbogbo ìgbà pẹ̀lú oògùn, kí ó mú ìwé rẹ̀ lọ bá dókítà. Bí ìlù bá ń lọ ségesège, tí kò ní ìdọ́gba, kó lọ kíákíá. Ọ̀tọ̀ ni ìtọ́jú ìyẹn, òfin 70 kò sì bá a mu bẹ́ẹ̀. Bí ó bá wà lábẹ́ 50 tí òòyì sì ń kọ́ ọ, kó sọ fún dókítà. Ibà, àìtó ẹ̀jẹ̀, gẹ̀gẹ̀, ìrora àti ìbínú lè mú ọkàn sáré. Ìyẹn ló fi jẹ́ pé ọjọ́ púpọ̀ là ń wò, kì í ṣe ọjọ́ kan.

Ẹ jọ̀wọ́, kí ẹnikẹ́ni má ti ibí lọ sí ṣọ́ọ̀bù kẹ́míìsì láti ra oògùn tí ń dín ìlù kù. Díẹ̀díẹ̀ ni dókítà ń gbé e sókè. Bí a bá gbé e lójijì, ó lè ṣe ìpalára, bí a bá sì já a lójijì, ewu ni. Ẹni tó ní ikọ́ fée gbọ́dọ̀ sọ ọ́ kí wọ́n tó kọ ọ́ fún un. Kí ẹni tó ní àárẹ̀ ọkàn sì yẹra fún ibuprofen àti diclofenac tí a fi ń wo orúnkún. Wọ́n máa ń dá omi dúró sí ara. Iyọ̀ náà ńkọ́? Ẹ dín in kù, àti èyí tó fara pamọ́ sínú Maggi, Indomie àti àgbo oníkáún.

Ọ̀nà jìn, ilé sún mọ́

Àwa ará Ajah mọ bí ọ̀nà wa ṣe rí. Kí ènìyàn tó ti Langbasa tàbí Awoyaya dé LUTH ní Ìdí-Àràbà tàbí LASUTH ní Ìkẹjà, ìdajì ọjọ́ lè lọ. Bí èémí bá há lóru, ìjọba kò lè gbé afárá tuntun síbẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́. Ìdí nìyí tí kò fi yẹ kí a dúró de òru náà. Ìwé kékeré tí a kọ nọ́ńbà ìdárọ̀ sí lè sọ̀rọ̀ kí èémí tó há, nígbà tí ọ̀nà ṣì ṣeé rìn, tí owó rẹ̀ kò sì tíì pọ̀.

Nítorí náà, a gbé àbá mẹ́ta síwájú ẹgbẹ́, a sì bẹ̀bẹ̀ pé kí ẹ fọwọ́ sí i kí ọdún kọkànlá tó bẹ̀rẹ̀.

Èkíní: kí a máa wọn ẹ̀jẹ̀ ríru, kí a sì máa ka ìlù ọkàn gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ ní gbogbo ìpàdé, kí a tó pín ohun mímu. Ẹni tí kò bá fẹ́, a kò ní fipá mú un, a kò sì ní ka nọ́ńbà ẹnikẹ́ni síta.

Èkejì: kí olúkúlùkù ní ẹnì kan nínú ẹgbẹ́ tí yóò máa bi í léèrè. Kì í ṣe "Báwo ni?" lásán, nítorí ìdáhùn rẹ̀ kò ju "A dúpẹ́" lọ. Kó bi í pé: "Mélòó lo kà láàárọ̀ yìí? Ìrọ̀rí mélòó lo fi sùn? Oògùn rẹ ha kù?"

Ẹ̀kẹta: kí a ya apá kan owó ìdágbére sọ́tọ̀ fún àyẹ̀wò àti oògùn ẹni tó ń bẹ láàyè. Kí gbogbo wa sì lọ béèrè nípa ètò adójútòfò ìlera Ìpínlẹ̀ Èkó, èyí tí wọ́n ń pè ní Ìlera Èkó, kí a mọ ohun tó bò àti ohun tí kò bò. Kí ó má tún sí ojúgbà wa tí yóò máa gé oògùn sí méjì nítorí ìtìjú.

Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Àyà náà ni a ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí. Ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn, a ka orúkọ ara wa, a ní a ti di ẹgbẹ́. Ẹ jẹ́ kí a máa ka ìlù ara wa báyìí.

Àwọn onílù ti ń wò wá lójú, a ò ní pẹ́ mọ́. Ẹ jó o, ẹ jẹun, ẹ ṣọ́ra fún iyọ̀. Kí ẹgbẹ́ yìí ṣe ogún ọdún, kó ṣe ọgbọ̀n, kí ojú ewé ìrántí má gùn ju ojú ewé àwọn ọmọ ẹgbẹ́ lọ. Àárọ̀ ọ̀la, kí ẹ tó gbé fóònù láti wo fọ́tò àríyá, ẹ fi ìka méjì lé ọrùn ọwọ́.